Ẹ jẹ́ kí a tú orúkọ kan palẹ̀: 2,2,4-trimethylpentane

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ó ti mọ́ wa lára láti máa tú ọ̀rọ̀ bí «ẹ̀tàdínlógún» sí wẹ́wẹ́: ẹ̀ta, dín, ní, ogún. Ẹni tó bá mọ àwọn mọ́fíìmù yìí ti mọ iye tí à ń sọ. Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì náà ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni 2,2,4-trimethylpentane, nǹkan olómi tí kò ní àwọ̀, tó máa ń wà nínú epo ẹ̀sáǹsì tí a ń rà sínú zemidjan.

Láti ẹ̀yìn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀:

-ane: ìdè ẹyọ kan péré ló wà láàárín kábọ̀nù kan àti èkejì.
pent-: márùn-ún, láti inú èdè Gíríìkì. Kábọ̀nù márùn-ún ló tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn.
methyl: ẹ̀ka kékeré, kábọ̀nù kan pẹ̀lú háídrójìn mẹ́ta.
tri-: ẹ̀ka náà jẹ́ mẹ́ta.
2,2,4: ẹ̀ka méjì wà lára kábọ̀nù kejì, ọ̀kan wà lára ẹ̀kẹrin.

Kábọ̀nù márùn-ún àti mẹ́ta di mẹ́jọ; pẹ̀lú háídrójìn, a ní C8H18. Bí a bá ka okùn náà láti òdìkejì, 2,4,4 ni a ó rí. Òfin ní kí a mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ yàtọ̀. Ìpàdé Geneva ní 1892 ló fi ìpìlẹ̀ ètò yìí lélẹ̀. IUPAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, ló ń bójú tó o.

Kí ni ẹ̀ka wá ń ṣe? Ọ̀nà 18 ni a lè gbà to C8H18. Octane tó gùn gbọọrọ, tí kò lẹ́ka, ń hó ní 126 °C. Tiwa ń hó ní 99 °C. Ti àkọ́kọ́ ń dì ní -57 °C, tiwa ní -107 °C. Nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tó lẹ́ka kì í tètè gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó kàn án. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fún un ní 100 lórí òṣùwọ̀n octane, tí heptane gbọọrọ sì gba 0. Ẹ̀sáǹsì tí wọ́n kọ 95 sí ń ṣe bí àdàlù 95 nínú ọgọ́rùn-ún tiwa àti 5 heptane.

Àwọn oníṣòwò ń pè é ní isooctane. Ẹ ṣọ́ra! Nínú àṣà àtijọ́, iso- ń tọ́ka sí ẹ̀ka kan ṣoṣo ní ìparí okùn. Ẹni tó bá tú orúkọ ọjà yìí bí a ti tú ti òkè yóò ya 2-methylheptane, nǹkan mìíràn pátápátá.

Ní ti èdè wa, orúkọ yìí fi pentane, tí í ṣe olórí, sí ìparí. Yorùbá ń fi ọ̀rọ̀ orúkọ síwájú, kí ẹ̀yán tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ ọmọ ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì. Kí a wí pé: «pentane tó ní ẹ̀ka methyl mẹ́ta, ní ipò 2, 2 àti 4.» Orúkọ àgbáyé yóò wà nínú ìwé, àlàyé yóò tẹ̀ lé gírámà wa.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ ya 2-methylbutane àti 2,2-dimethylpropane. Kábọ̀nù mélòó ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹ wá sọ àwọn méjèèjì ní Yorùbá, olórí síwájú.