Ìsinmi Ń Rẹ̀ Mí Ju Ìdánwò Lọ

Ìbéèrè

Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì, níbi tó jìnnà sílé. A ṣe ìdánwò tán, wọ́n fún wa ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì wálé sí Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ níbẹ̀, n kò sì lè tọ́ka sí ohun kan tí mo gbádùn. Mò ń sùn di ọ̀sán. Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo máa ń wo TikTok títí àkùkọ á fi kọ. Èlùbọ́ ni màmá mi ń tà ní ọjà Bódìjà. Bí wọ́n bá dé tí wọ́n bá mi lórí àga, wọ́n á ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kàwé nìyí?" Bí mo bá tẹ̀lé wọn lọ sọ́jà, inú mi kì í dùn, torí ó ń ṣe mí bíi pé ìsinmi mi ń lọ. Bí mo bá sì jókòó sílé, ọkàn mi á máa dá mi lẹ́bi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wà létí òkun l'Ékòó, mò ń rí fọ́tò wọn. Èmi ò lówó irú ìyẹn. Mà, báwo ni èèyàn ṣe ń gbádùn ìsinmi gan-an? Ó rẹ̀ mí báyìí ju ìgbà tí mò ń ṣèdánwò lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rẹ̀, Ìbàdàn

Ìdáhùn

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń jókòó ní ọ́fíìsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá fún ìmọ̀ràn, gbólóhùn tí o fi parí lẹ́tà rẹ yìí sì ni mo máa ń gbọ́ jù bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé padà. Ẹni tó sinmi fún oṣù kan àbọ̀, ojú rẹ̀ á rí bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Ní 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ gbáko, mo rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sinmi yó. Rárá o. Àwọn tí ara wọn le nínú wọn ni àwọn tó rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe: ẹni tó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ti oorun ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ọ́ ní ọ̀lẹ nítorí ẹ̀. O jẹ ara rẹ ní gbèsè oorun nígbà ìdánwò, ó ń gba owó rẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ní ẹjọ́ bá ọ rò lé lórí. Bọ́ọ̀lù á pé àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, rẹfirí á fọn fèrè, oníkálùkù á gbalé lọ. Fídíò inú fóònù kò ní rẹfirí. Bí ọ̀kan ṣe ń tán ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí o má baà dìde ni. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tún ń tan ara jẹ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ìdí nìyẹn tí o fi ń jí lọ́sàn-án gangan tí orí rẹ wúwo bí àpò èlùbọ́ màmá rẹ. N kò ní kí o sọ fóònù nù. Èmi náà ń wò ó. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń ro ẹ̀fọ́, n kì í lè wo ọbẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù, gbé e sí pálọ̀, kí o wọ yàrá lọ láìmú un dání. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ á korò.

Lẹ́yìn èyí, bá màmá rẹ sọ̀rọ̀. Má ṣe é nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù o! Jẹ́ kí wọ́n jẹun tán, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí o tó sọ pé: "Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, màá máa bá yín lọ sọ́jà láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì. Bí ó bá di aago méjì, ẹ jẹ́ kí n máa lọ." Ohun tó ń bí àwọn ìyá nínú kì í sábà jẹ́ pé ọmọ jókòó, wọn kò mọ ìgbà tó máa dìde ni. Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n, ohun tó ń dá ọ lẹ́bi nìyẹn. Bí o bá ti san ti ọjà láàárọ̀, ọ̀sán di tìrẹ, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè, títí kan ọkàn rẹ.

Wàyí o, kí lo máa fi ìrọ̀lẹ́ ṣe? Wá ibi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò ládùúgbò yín, kí o kí wọn dáadáa, kí o sì jókòó wò wọ́n. Ihò mẹ́fà ló wà lójú ọpọ́n níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. O máa kó ọmọ inú ihò rẹ kan, o máa fún un lọ́kọ̀ọ̀kan yí ọpọ́n po. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sílé ẹnìkejì tó sì sọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́ nìyẹn. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, ni kí o máa wò. Kò ní fi ẹnu kà á. Á kàn ki ìka bọ ihò, á fi ọwọ́ ra àwọn kóró eléérú yẹn tí àtẹ́lẹwọ́ ti fi dán, á ti mọ iye tó wà níbẹ̀ àti ibi tí wọ́n máa gbé e dé. Bí wọ́n bá pè ọ́ wá ta, wọ́n á jẹ ọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì bú ọ ní òpè lójú gbogbo èrò. Rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ronú ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn máa bọ́ sí kò ráyè dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó fi ìsinmi kan ṣoṣo di ẹni tí àwọn bàbá àdúgbò ń ránṣẹ́ pè.

Bí ìyá àgbà bá wà nílé yín, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ki oríkì orílẹ̀ yín fún ọ, kí o gbà á sílẹ̀. Fóònù wúlò níbẹ̀ yẹn.

Ti fọ́tò etí òkun, wákàtí mélòó ni wọ́n lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kí wọ́n tó débẹ̀? Wọn kò ya fọ́tò ìyẹn. Bí ẹ bá pọ̀ tí ẹ lè dá owó ọkọ̀, ìṣàn omi Erin-Ìjẹ̀ṣà dára, ìpele méje ló ní, ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ a máa yọ̀ lásìkò òjò. N kò rán ọ dé ìpele tó ga o.

Ibi tó sún mọ́ ọ jù wà lórí Òkè Ààrẹ. Ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sí Ìbàdàn, ni gbogbo ìlú ń pè ní Layípo, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ṣí i lọ́jọ́ náà. Bí o bá dókè, wàá rí páànù dídípẹtà tó tẹ́ lọ bí omi, òpó ràgàjì Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, àti Cocoa House lọ́hùn-ún. Ra àgbàdo sísun àti àgbọn dání bí o bá ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Bi màmá rẹ bóyá wọ́n ti gun Layípo rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni kò débẹ̀ rí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá ní àwọn á tẹ̀lé ọ lọ lọ́jọ́ Sunday, ìwọ ni kí o san owó ọkọ̀ wọn.