Òpó, Ọ̀pá àti Èríàlì: Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Òpó Rédíò Onípáìpù

Láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, tí páìpù gígùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lókè òrùlé, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ àyálò kan ṣoṣo, èríàlì, pe ohun méjì tí ó yàtọ̀ síra. Èríàlì ni irin tàbí wáyà tí ó ń gba ìgbì rédíò. Èríàlì náà ni wọ́n tún ń pe páìpù tí ó gbé e sókè. Nídìí tẹlifíṣọ̀n, àdàpọ̀ yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́-ìfẹ́ rédíò, èyíinì ni ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ láti máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láìgba owó, ń fọ́n ìgbì jáde, kì í ṣe pé ó ń gbà á wọlé nìkan. Bí atúmọ̀ èdè bá kọ ọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé 'so èríàlì mọ́ ilẹ̀', ó ti ṣì í lọ́nà. Òpó ni ó yẹ kí ó so mọ́ ilẹ̀ nítorí ààrá. Bí ó bá so wáyà tí ń fọ́n ìgbì mọ́ ilẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ní jìnnà, ẹ̀rọ rẹ̀ sì lè bàjẹ́.

Òpó ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ sí ohun tí ó gbé èríàlì ró. Òpó ilé kò sí nítorí ara rẹ̀. Òrùlé ni ó gbé. Òpó ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú, ìgbòkun ni ó gbé. Ọ̀pá yẹ fún ẹyọ páìpù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó di ọ̀kan: ọ̀pá 2 tàbí 3 ni ó ń di òpó 1. Ọ̀wọ̀n kò bá a mu rárá, nítorí ohun tí ó nípọn, tí ó sì lè dá dúró, ni ó ń mú wá sí ọkàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń béèrè ìdí tí a fi ń lo páìpù oníhò dípò ọ̀pá irin tí inú rẹ̀ kún. Ìdáhùn wà lára ọparun. Nígbà tí atẹ́gùn bá ń tẹ nǹkan gígùn, apá tí ó jìnnà sí àárín ni ó ń ṣe iṣẹ́ jù. Ti àárín fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan ju pé ó wúwo lọ. Páìpù tí ó fẹ̀ ní mílímítà 50, tí ara rẹ̀ nípọn ní mílímítà 2, kò ní irin nínú ju ọ̀pá tí inú rẹ̀ kún, tí ó sì fẹ̀ ní nǹkan bí mílímítà 20 lọ. Síbẹ̀, páìpù yìí kọ̀ láti tẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 12 ti ọ̀pá náà. Kò yẹ kí olùkọ́ pe èyí ní líle, nítorí líle ni ti òkúta. Kíkọ̀-láti-tẹ̀ ni kí ó pè é. Ṣùgbọ́n bí ara páìpù bá fẹ́lẹ́ jù, yóò tẹ̀ wọnú bí agolo mílíìkì.

Páìpù irin tí a fi síǹkì bò kí ó má baà dógùn-ún ni ó rọrùn jù láti rà. Ọ̀pá rẹ̀ sábà máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, èyíinì ni nǹkan bí mítà 6. Alumíníọ̀mù fúyẹ́ jù ú lọ gan-an, nítorí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ọ̀pá kékeré ni a ó ti bọ inú ńlá, a ó sì fi bóòtù dè é. Oríkèé ni orúkọ tí ó yẹ ibẹ̀. Bí oríkèé bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ọ̀pá 2 yóò di òpó mítà 11.4. A ó dí orí òpó kí òjò má wọ inú rẹ̀, a ó sì dá ihò kékeré sí ìdí rẹ̀ fún omi tí ó bá ráyè wọlé.

Òpó ilé ń ru ẹrù láti òkè. Ẹ̀gbẹ́ ni ìyà ti ń jẹ òpó rédíò. Bí ìyára atẹ́gùn bá di ìlọ́po 2, agbára tí ó fi ń ti òpó yóò di ìlọ́po 4. Nítorí náà ni a fi ń fa okùn láti ara òpó sí ọ̀nà 3 tí ó jìnnà síra dọ́gba. Okùn ìmúró ni kí a pè é. Àwọn kan yóò fẹ́ pe ibi tí okùn náà parí sí ní ìdákọ̀ró, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ ojú omi ni ìyẹn. Èèkàn, irú èyí tí a ń so ewúrẹ́ mọ́, ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Fún òpó mítà 11.4, kí èèkàn jìnnà sí ìdí òpó tó mítà 8. Bí ó bá sún mọ́ ọn jù, okùn yóò máa tẹ òpó mọ́lẹ̀ ju bí ó ti ń mú un ró lọ, òpó yóò sì ká. Bí okùn ìmúró bá jẹ́ wáyà, a ó gé e sí wẹ́wẹ́, a ó sì fi tánganran sí àárín wọn. Adínà-iná ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ tánganran yìí mu.

Èríàlì fúnra rẹ̀ kò ná ni ní owó púpọ̀. Ti alápá-méjì jẹ́ wáyà tí a pín sí méjì láàárín, tí a fi adínà-iná so mọ́ orí òpó, tí apá rẹ̀ méjèèjì sì rọ̀ sílẹ̀ bí òrùlé. Láti mọ gígùn rẹ̀ ní mítà, a ó fi iye MHz tí ẹ̀rọ ń lò pín 143. Fún 14.2 MHz, ìdáhùn jẹ́ mítà 10 ó lé díẹ̀, apá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mítà 5.

Ọ̀rọ̀ tí ó léwu jù ni iná. Yorùbá ń pe agbára tí ń bẹ nínú wáyà ní iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni mànàmáná sì jẹ́ ti ojú ọ̀run. Nínú ìwé tí ó ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé òpó ró, kí ààrá dúró fún ti òkè, kí iná mànàmáná sì dúró fún ti wáyà nìkan. Bákan náà, òpó tí a rì mọ́lẹ̀ sínú kọnkéré kò tíì di èyí tí a so mọ́ ilẹ̀. Wáyà nípọn àti ọ̀pá bàbà tí a gbá wọlẹ̀ ni ó ń ṣe ìyẹn. Ní ti wáyà iná mànàmáná ojú pópó, òpó gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé, ọ̀nà yòówù kí ó wó sí, òun àti ohun tí ó gbé kò ní kàn án. Kí atúmọ̀ èdè kọ gbólóhùn yìí ṣáájú gbólóhùn tí ó sọ bí a ṣe ń gbé òpó nàró, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kàwé bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lọ ni.