Ẹni Tí Ó Gbé Ife fún Ọmọdé
Nínú Hábákúkù 2:15, ẹni tí ó fi ọtí fún ẹnìkejì rẹ̀ ni wòlíì kéde ègbé lé lórí, kì í ṣe ẹni tí a fún mu. Bí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà bá rí bẹ́ẹ̀, ti ọmọdé ńkọ́, ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní Nàìjíríà?

Síbẹ̀, níbi ìnáwó wa, ọmọdé ni à ń rán lọ gbé bíà wá. Òun náà ni í palẹ̀ ìgò mọ́, tí ìṣẹ́kù sì ń di tirẹ̀ lẹ́yìn àga. Àwa òbí rí i, a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni ó ń bà wá lẹ́rù.

Ẹ̀yin olùgbàlejò, ẹ fi àgbàlagbà kan ti ọtí, kí òun nìkan máa pín in, kí òun náà sì kó ìgò kúrò kí a tó pe àwọn ọmọ wá gbálẹ̀.