Kirikou, akọni kékeré

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo Kirikou. Ó kéré gan-an: orúnkún àgbà ni ó ga mọ. Kò ní idà, kò sì lè fò bí ẹyẹ. Síbẹ̀, akọni ni.

Inú fíìmù àwòrán ni Kirikou wà. Àwòrán 24 ń kọjá níwájú wa kí a tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ojú wa a sì rí i bí ẹni pé ọmọ náà ń sáré. Michel Ocelot, ará Faransé tí ó ṣe kékeré ní ilẹ̀ Guinea, ni ó ṣe fíìmù náà. Youssou N'Dour, ọmọ Senegal, ni ó ṣe orin rẹ̀. Ọdún 1998 ni ó jáde.

Nínú ìtàn náà, ìsun abúlé gbẹ. Àwọn ìyá ń gbé ìkòkò òfìfo bọ̀ wálé. Ọmọ Ofè tí ó ti bá ìyá rẹ̀ wá omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ bí èyí ti rí. Gbogbo ènìyàn ní Karaba àjẹ́ ni ó fà á, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Kirikou nìkan ni ó ń béèrè ìdí tí Karaba fi burú.

Ó wọ inú ihò ìsun. Ó bá ẹranko ńlá kan tí ń mu gbogbo omi. Ó fi irin gbígbóná gún un, omi sì tú jáde! Omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Kirikou.

Lẹ́yìn èyí, ó lọ bá bàbá àgbà rẹ̀ nínú òkè ńlá kan. (Ẹ rántí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́, àbí?) Bàbá ní ẹ̀gún kan wà ní ẹ̀yìn Karaba, tí ó ń dùn ún tọ̀sán-tòru. Àwọn ọkùnrin kan ni wọ́n fi gún un. Kirikou fi eyín fa ẹ̀gún náà yọ. Karaba ké tòò! Láti ọjọ́ náà, kò ṣe ìkà mọ́. Kirikou sì di géńdé.

Ó ti dàgbà. Báwo ni ó ṣe tún padà wá? Bàbá àgbà ni ó ní ìtàn ìgbà tí Kirikou ṣì kéré kò tíì tán. Ni fíìmù kejì bá jáde ní 2005, ẹ̀kẹta ní 2012.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí ìsun gbẹ?
2. Kí ni ó ń dun Karaba?
3. Ìtàn wo ni bàbá àgbà tìrẹ máa ń pa?