Àpótí ìmọ̀: Ọjọ́ nínú kóòdù, ní Ouagadougou

Aago Ouagadougou àti UTC, òṣùwọ̀n aago àgbáyé, dọ́gba láti ọdún dé ọdún. Ìdọ́gba yìí gan-an ló máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Kọ `new Date("1960-08-05")`, ọjọ́ òmìnira Burkina Faso, sínú JavaScript: UTC ló máa fi kà á. Ní Ouagadougou, ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ló máa hàn. Ní New York, ọjọ́ 4, aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ò ní fura rárá. Nítorí náà, yí aago kọ̀ǹpútà rẹ sí ti New York kí o tó dán kóòdù wò.

Ṣé ó wá yẹ ká gbé irinṣẹ́ tí ẹlòmíràn kọ wọlé fún iṣẹ́ ọjọ́? Bó bá jẹ́ láti kọ ọjọ́ jáde lédè Faransé lásán ni, kò yẹ: `Intl.DateTimeFormat` pẹ̀lú `"fr-BF"` ti wà nínú JavaScript látilẹ̀, kò sì ní jẹ dátà oníbàárà. Bí ìṣirò ọjọ́ bá kan ìlú púpọ̀, Luxon, ọ̀kan lára irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ni mo fara mọ́. Má fi irinṣẹ́ Moment.js bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Láti 2020 làwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti ní àwọn ò ní fi ohun tuntun kún un mọ́.