Sítáàṣì Inú Gbágùúdá: Ìwà Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Dán an Wò

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ohun funfun kíkúnná tí ó máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ omi tí a fún lára gbágùúdá rírin kì í ṣe ìdọ̀tí. Sítáàṣì ni, owó sì ni pẹ̀lú.

Ẹyọ ṣúgà kéékèèké ni ó so kọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n gígùn tí wọ́n fi di sítáàṣì. Nínú omi tútù, hóró rẹ̀ kì í yọ́. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá gbóná tó ìwọ̀n 60 sí 70 Selsius, tí kò tilẹ̀ tí ì hó, hóró wọ̀nyí yóò mu omi, wọn yóò wú, gbogbo rẹ̀ yóò sì ki bí ẹ̀kọ. Èyí tí ó bá ti ki báyìí kò lè padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, omi tútù nìkan ni kí ẹ fi fọ sítáàṣì, kí ẹ má sì ṣe yan èyí tí ó ṣì tutù lórí iná. Ẹ sá a sí oòrùn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Àwọn ìyá wa tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta mọ ìwà yìí lò: láfún tí wọ́n sè ni wọ́n fi ń ya aṣọ, kí aró má baà dé ibẹ̀. Ní ọdún 1955, Oliver Smithies, ní Toronto ní Kánádà, gbé iṣẹ́ kan jáde tí ó jọ èyí. Ó rántí bí sítáàṣì tí ìyá rẹ̀ fi ń tọ́jú aṣọ ṣe máa ń dì. Ó se ti ànàmọ́ òyìnbó, ó jẹ́ kí ó dì, ó sì fi iná mànàmáná ya àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀.

Ní yàrá ìwádìí, bí áyódíìnì bá kan sítáàṣì, yóò dúdú bí aró. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ iye tí ó wà níbẹ̀. Ìwọ̀n inú omi ni ó wúlò fún ẹgbẹ́ yín. Ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára gbágùúdá, kí ẹ wọn kílò 5, kí ẹ sì tún wọn ọ́n bí ó ti rì sínú omi nínú agbọ̀n. Kí ẹ yọ ìwọ̀n agbọ̀n kúrò nígbà méjèèjì. Bí ti ẹnìkan bá wọn ìdajì kílò nínú omi, tí ti ẹlòmíràn wọn gíráàmù 600, ti ẹnì kejì ni sítáàṣì pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó bá oníbàárà ná ọjà, kí ẹni tí ọjà rẹ̀ dára má baà gba iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí omi kún inú tirẹ̀.

Ẹ gbé gbágùúdá lọ ní ọjọ́ tí ẹ bá fà á tu. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3, inú rẹ̀ yóò ti máa dúdú. Bí ó bá sì ti gbó, ẹ má ṣe dúró de òjò àkọ́rọ̀, nítorí bí igi rẹ̀ bá tún rúwé, sítáàṣì inú ilẹ̀ ni yóò fi ṣe oúnjẹ.