Ohun Tí Fíìmù Ti Kọ́ Ọmọ Kí Ìparí Tó Dé

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn àròsọ ṣe ń wọ èèyàn lọ́kàn. Ẹni tó bá ní eré lásán ni, kó rántí òṣèré nì, Hubert Ogunde. Eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, ká ìjọba agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lára ní 1964 débi tí wọ́n fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ lágbègbè náà. Ó di 1966, tí àwọn ológun ti gbàjọba, kí òfin náà tó kúrò. Bí eré kò bá lè yí aráàlú lọ́kàn padà, kí ni ìjọba ń bẹ̀rù?

Ẹ jẹ́ ká wá wo fíìmù oògùn owó tí àwa àtọmọ jọ ń wò ní pálọ̀. Ìyà ń jẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọ̀rẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ adáhunṣe, wọ́n ní kó mú èèyàn wá. Ó mú un wá, owó bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde nínú igbá. Ó kọ́lé, ó ra jíìpù, olórin ń kì í lóde àríyá. Ó ku díẹ̀ kí fíìmù parí, ó ya wèrè.

Òṣèré á ní òun ti kọ́ wa pé owó ẹ̀jẹ̀ kì í tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan ti ṣáájú ìyẹn wọlé: pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn lè di owó. Ohun tí ìtàn bá gbà láìjiyàn ń wọni lára ju ìwàásù ìparí rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́ tójú ń kán á ní òun á gbọ́n ju ti inú fíìmù lọ.

Ní 2024, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Nàìjíríà kéde òfin tó lòdì sí gbígbé oògùn owó lárugẹ. Ó dára, ṣùgbọ́n òfin kì í bá ọmọ jókòó wòran. Ẹ̀yin òbí ni kẹ́ ẹ jókòó tì í. Bí fíìmù bá parí, ẹ má bi í pé, “Kí lo rí kọ́?” Ó ti mọ èsì tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ bi í pé, “Ṣé lóòótọ́ nigbá lè mú owó jáde?” Ẹ mú owó bébà kan, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn án. Wọ́n ń tẹ owó ni, wọ́n sì ń kà á. Kò sí èyí tó ń ti inú igbá wá. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fíìmù, ẹ ṣe ọ̀kan tí ọ̀daràn á pààyàn tán, tí á ṣígbá, tí kò ní bá kọ́bọ̀ níbẹ̀. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.